Gbogbo Ohun Tó Gbó Kọ́ Ló Di Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rín lé e lọ. Bí nǹkan bá gbó, ta ló láṣẹ láti sọ pé ó ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé? Ṣé iye ọdún rẹ̀ ló ń sọ ọ́ ni, àbí ọjà, àbí ìjọba, àbí ẹni tó ni ín? Bí a bá sì ti mọ ohun tó jẹ́ tán, kí ló tọ́ ká ṣe sí i?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì rí owó họ́sítẹ́ẹ̀lì san nínú ọ̀rọ̀ àwọn olówó tó ń kó ẹrù àtijọ́ jọ?" Ó kàn wá jàre. Inú ilé àwọn bàbá wa àgbà ni wọ́n ti ń kó o. Àwa náà sì ni wọ́n máa bi léèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín ẹrù.

Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ méjì tí àwa máa ń pò pọ̀: antique àti vintage. Lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta àga àti fíríìjì tòkunbọ̀ ní Ìbafò, ọlọ́jà á pe tábìlì kan ní antique láàárọ̀, á pe tábìlì yẹn kan náà ní vintage lọ́sàn-án. Ohun tó ń yí i padà ni irú mọ́tò tí oníbàárà gbé wá. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ibi tí wọ́n ti wá.

Ẹ jẹ́ ká mú antique ṣáájú. Gbogbo ayé ló gbà pé ohun tó bá ti lé ní 100 ọdún ni. Ta ló ka 100 yẹn? Kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan o, àwọn aṣọ́bodè ni. Òfin owó ibodè Amẹ́ríkà ti 1930 sọ pé ohun àtijọ́ tí wọ́n bá ṣe ṣáájú 1830 lè wọlé láìsan owó. Nígbà tó di 1966, wọ́n yí òfin náà padà, wọ́n ní ohun tó bá ṣáà ti ju 100 ọdún lọ lọ́jọ́ tó dé ibodè, kó máa wọlé. Ẹ rí i báyìí pé owó orí ló bí òṣùwọ̀n tí a wá sọ di òtítọ́ ayé. Oníbodè ló nílò nọ́ńbà kan tí kò ní fa àríyànjiyàn, ó sì rí i.

Vintage ní tirẹ̀, inú oko àjàrà ló ti wá. Ọdún tí wọ́n ká èso tí wọ́n fi ṣe wáìnì ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Kò sọ pé wáìnì náà gbó, ohun tó ń sọ ni pé ó jẹ́ ti ọdún báyìí, òjò ọdún yẹn àti oòrùn ọdún yẹn wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò gba ọ̀rọ̀ náà fún aṣọ, mọ́tò, rédíò àti àwo orin. Kò sí òfin tó de iye ọdún rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà kàn gbà láàárín ara wọn pé láti nǹkan bí 20 ọdún lọ, títí kó tó pé 100, kí nǹkan náà sì máa fi ìgbà tirẹ̀ hàn lára. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ayé ìgbà báyìí nìyí.

Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tiwa. Àlòkù ń sọ pé ẹnìkan ti lò ó rí. Tòkunbọ̀ ń sọ ọ̀nà tó gbà wá. Ohun àtijọ́ ń sọ pé ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá pe nǹkan ní ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ gbọ́ ìṣẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Orísun ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bèèrè, kò bèèrè ọjọ́ orí. Ẹ tún wo "gbó" fúnra rẹ̀. Aṣọ máa ń gbó, àgbàdo náà máa ń gbó. Aṣọ tó gbó ti ń lọ sí àkísà, àgbàdo tó gbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ìdájọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Gbogbo ìjà orí ẹrù àtijọ́, ìjà lórí irú gbígbó tó gbó ni.

Òfin ilẹ̀ wa náà dá sí i. Òfin 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó àwọn mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ka ère, òpó ilé, ilẹ̀kùn, ìlù, ọ̀pá, ohun èlò àti ohun ìjà mọ́ ìṣẹ̀ǹbáyé, bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n sì ṣe é ṣáájú 1918. Ẹ̀ka kejì tún wà níbẹ̀: bí nǹkan bá ní ìtàn tàbí ọnà tó ṣe pàtàkì, tí wọ́n sì ti lò ó rí nínú ètò ìbílẹ̀, òfin náà kò tún bi í léèrè ọdún mọ́. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kò gbọdọ̀ kúrò nílùú láìgba ìwé àṣẹ.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa, 1918. Ìbafò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì ni. Àwọn àgbà Ẹ̀gbá kì í pe ọdún yẹn ní 1918, ọdún Ogun Àdúbí ni wọ́n ń pè é, nígbà tí àwọn ará oko dìde sí owó orí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè. Ọdún yẹn náà ni àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú jà kárí ilẹ̀ Yorùbá. Báyìí ni àwọn baba wa ṣe ń ka ìgbà: wọ́n á so ó mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èèyàn. Ọkùnrin tó gbẹ́ òpó ní ọdún Àdúbí, kò mọ̀ pé wọ́n á fi ọdún yẹn pín iṣẹ́ ọwọ́ òun sí méjì lọ́jọ́ iwájú. Lọ́dún tí òfin yẹn jáde, ère tí wọ́n gbẹ́ ní 1917 jẹ́ ẹni ọdún 62. Oníbodè Amẹ́ríkà á ní kì í ṣe antique, òfin ilé á ní kò gbọdọ̀ jáde. Ère kan náà, ìdájọ́ méjì.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sílé. Ìdílé kan wà ní Ìbafò tí mo mọ̀ dáadáa. Bàbá àgbà wọn kú, wọ́n sin ín tán, ó wá ku ká pín ẹrù. Ohun mẹ́ta ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ìránṣọ Singer tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Èkejì ni páálí àwo orin, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Àyìnlá Ọmọwúrà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ère ìbejì méjì tí ìyá bàbá náà gbé wá láti abúlé, tí wọ́n fi aṣọ wé sínú àpótí.

Ọkùnrin kan tó ń ra ẹrù àtijọ́ kiri wá láti Èkó. Ó wo ẹ̀rọ Singer, ó ní, "Màmá, antique gidi nìyí, màá sanwó dáadáa." Ó wo àwo orin, ó ní òun á mú páálí lápapọ̀. Ó wá gbé ère sọ́wọ́, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Èyí ò tíì pé 100 ọdún, Màmá. Vintage lásán ni." Owó tó pè é kò ra àpò sìmẹ́ńtì kan.

Àkọ́bí obìnrin ilé náà, tó ti lé ní 60 ọdún, ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ò tíì pé 100 ọdún? Ère yẹn ni, àbí àwọn ọmọ tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọkùnrin náà lẹ́nu.

Kò tíì tán o. Àbúrò obìnrin náà bọ́ síwájú, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n tà á, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀. Iná ni kí wọ́n sọ sí i. Ó ní òrìṣà ni, kò sì yẹ kó sun inú ilé onígbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ wá di mẹ́ta nínú pálọ̀ kan ṣoṣo: ká tà á, ká sun ún, ká pa á mọ́.

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rò ná. Ilé iṣẹ́ Singer tó wà ní Clydebank, ní Scotland, ṣe ẹ̀rọ láti àárín àwọn ọdún 1880 títí wọ́n fi tì í pa ní 1980, àìmọye mílíọ̀nù ló sì jáde níbẹ̀. Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Nítorí náà, ẹ̀rọ bàbá lè pé 100 ọdún lóòótọ́, kó sì jẹ́ antique lójú oníbodè. Ṣùgbọ́n bí èyí bá bàjẹ́ lónìí, irú rẹ̀ gan-an wà ní ọ̀pọ̀ ilé láti Ìfọ̀ dé Índíà. Àwo orin náà ńkọ́? Àyìnlá kú ní 1980, Hárúnà kú ní 1983, a ò tún lè rí àwo tuntun lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, bí àwo kan bá fọ́, ohùn náà ṣì wà lára òmíràn. Vintage ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ín lè tà á, kó gbé e fún ọmọ, kó lò ó. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè.

Ère wá yàtọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ méjì máa ń pọ̀ nílẹ̀ wa, ẹ ṣáà ti gbọ́ nípa Igbó-Ọrà. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, babaláwo lè ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ère. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á máa gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu bó ṣe ń fún èyí tó wà láàyè. Bí ẹ bá rí èyí tó pẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ẹ ó rí i pé imú àti ojú rẹ̀ ti ń parẹ́. Ikán kọ́ ló jẹ ẹ́. Ọwọ́ ìyá ló nù ún títí tó fi dán. Ẹ sọ fún mi, ẹlẹ́rọ wo ló máa kọ nọ́ńbà yẹn sí i lára?

Èyí ló jẹ́ kí n rò pé ìbéèrè "ọdún mélòó?" kéré jù. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ ká fi wọn nǹkan. Ṣé ọwọ́ tó lè ṣe irú rẹ̀ ṣì wà? Èèyàn mélòó ló ní ìpín nínú rẹ̀? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe tí owó kò lè ṣe? Ohun tó jẹ́ pé irú rẹ̀ wà, tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo ni ín, ìfẹ́ inú mi ni mo lè fi ṣe. Ohun tí irú rẹ̀ kò sí mọ́, tí òkú àti ọmọ tí a ò tíì bí ní ìpín nínú rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, alágbàtọ́ lásán ni mí.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé kì í ṣe pé o kàn fẹ́ràn ẹrù àtijọ́ ni?" Rárá o. Ẹ wo ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá nínú àwọn agbẹ́gilére, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ Ògògà níbi tó jókòó sí pẹ̀lú adé lórí, ó sì gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí àwọn aláàárù ń gbé bọ̀ wá kí i. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Àwọn British Museum rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò gbowó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò. Ilẹ̀kùn náà wà ní London di òní, ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin náà sì wà ní mùsíọ́ọ̀mù Chicago.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ní 1924, ilẹ̀kùn yẹn kò ju ẹni ọdún 14 lọ. Kì í ṣe antique, kì í ṣe vintage. Ilẹ̀kùn tuntun ni! Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láyé, kò kú títí di 1938. Lójú Ògògà, ilẹ̀kùn ni irú rẹ̀ ṣì ń bọ̀, àga òyìnbó ló ṣọ̀wọ́n. Èmi ò ní pe ọba náà ní òmùgọ̀ láé. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló fi ṣòwò. Ṣùgbọ́n lónìí, ilẹ̀kùn náà ti kọjá 100 ọdún, ọjọ́ orí àga yẹn náà kò sì jìnnà sí tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iye ọdún nìkan ni òṣùwọ̀n, ìbá jẹ́ pé wọ́n dọ́gba. Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ará Ìkẹ́rẹ́?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé oyè "ìṣẹ̀ǹbáyé" máa ń pẹ́ dé. Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá fi máa pe nǹkan bẹ́ẹ̀, ó ti kúrò nílé. Ìgbà tí nǹkan ṣì kéré, tí kò tíì jọ ẹnikẹ́ni lójú, nígbà yẹn gan-an ni a ń pinnu bóyá yóò dàgbà nílé tàbí lẹ́yìn odi.

Àtakò mẹ́ta wà tí mi ò lè fò. Èkíní ni ti ebi. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí owó iléèwé ọmọ bá ń lu ìdílé pa, tí ère méjì wà nínú àpótí, ṣé ìwà ìkà kọ́ ni ká ní kí wọ́n má tà á? Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìdáhùn mi ni pé ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ tà. Ẹni tí ebi ń pa ló yẹ kó mọ ìyàtọ̀ jù, torí òun ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ rẹ́ jẹ. Ọkùnrin Èkó yẹn mọ ìyàtọ̀ dáadáa, òun ló ṣe pe ẹ̀rọ ní orúkọ ńlá, tó sì pe ère ní orúkọ kékeré. Kí wọ́n ta ẹ̀rọ, kí wọ́n ta àwo orin, kí wọ́n sì gba iye tó tọ́. Ère wà lábẹ́ òfin, kì í ṣe ọjà ẹnu ọ̀nà.

Èkejì ni ti iná. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà, mo sì mọ ohun tó ń ba àbúrò obìnrin yẹn lẹ́rù. Kò sí ẹni tó ní kó bọ ère. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló wà nínú igi yẹn: ẹ̀sìn tí ìdílé ti fi sílẹ̀, àti ọ̀fọ̀ ìyá kan lórí ọmọ rẹ̀. Èèyàn lè kọ àkọ́kọ́ kó má sun èkejì. Bí a bá jó o, kò sí ẹlòmíràn tí yóò jẹ́rìí pé àwọn ọmọ yẹn wá sáyé rárá. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìjọba, kò sí fọ́tò wọn. Ère yẹn nìkan ni sàréè wọn.

Ẹ̀kẹta ló le jù lójú tèmi. Àwọn baba wa fúnra wọn kì í tọ́jú ère torí pé ó pẹ́. Bí ikán bá jẹ ẹ́, wọ́n á gbẹ́ òmíràn. Nígbà tó yá, àwọn ìyá mìíràn tilẹ̀ ń lo bèbí onírọ́bà tàbí fọ́tò dípò igi. Kí ló dé tí àwa á wá sọ ara wa di ẹ̀ṣọ́ igi? Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè jù ú nù ni pé agbẹ́gilére wà ládùúgbò, ìyá tó mọ orin rẹ̀ sì wà nílé. Ẹni tó ní ẹ̀wù mẹ́wàá lè fi ọ̀kan nu ilẹ̀. Àwa tó ku ẹyọ kan sí lọ́wọ́ ńkọ́? Bèbí onírọ́bà yẹn pàápàá, tí wọ́n ṣe lókè òkun, òfin 1979 kò ní kà á sí ìṣẹ̀ǹbáyé, ọlọ́jà á sì ní vintage ni. Bí ìyá kan bá ti fi ọdún mẹ́wàá bọ́ ọ bí ọmọ, èmi mọ ibi tí màá tò ó sí.

Ìdílé yẹn ta páálí àwo orin. Ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó ṣì ń fi ránṣọ. Ère wà lọ́dọ̀ àkọ́bí, àbúrò rẹ̀ kò sì tíì yọ́nú sí i. Mi ò sọ pé wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn ò fi orúkọ tí oníṣòwò pe ẹrù wọn ṣe ìdájọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sílé lọ́dún yìí, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ lọ bá ìyá àgbà yín lójú ayé rẹ̀, kí ẹ bi í pé ta ló ṣe èyí, ta ló lò ó, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ìdáhùn, ẹ ó mọ èyí tó gbó bí aṣọ, ẹ ó sì mọ èyí tó gbó bí àgbàdo. Èyí tó gbó bí aṣọ, ẹ tà á bó bá wù yín. Èyí tó gbó bí àgbàdo, irúgbìn wà nínú rẹ̀, kì í ṣe tiyín nìkan.